Pupa Lókè, Èmi Nísàlẹ̀

Ajé, 3/3
Wọ́n gbà wá! Èmi àti Pupa, àbúrò mi. Fíìmù adẹ́rùbani ni, nípa ayé tó ti bàjẹ́ — àwọn òyìnbó ń gbé lórí òkè, wọ́n ń fi kùmọ̀ ṣọdẹ àwa dúdú nísàlẹ̀. Òyìnbó ò tó, ni wọ́n bá ń fi àwọn apọ́nbéporẹ́ kún un. Olùdarí (Ariwo lèmi ń pè é) nàka sí Pupa: "Òkè." Sí mi: "Ìsàlẹ̀." Ìyá kan náà, bàbá kan náà.

Ìṣẹ́gun, 4/3
Ariwo ní fíìmù yìí máa dójú ti àwọn tó ń fi àwọ̀ yan èèyàn jẹ. Ó sọ ọ́ tán, àwọn Òkè wọ abẹ́ àtíbàbà lọ jẹun. Inú oòrùn làwa Ìsàlẹ̀ ti jẹ tiwa. Ọmú ń ro mí. Ṣé ọmọ mi ti sùn? Ìyá ọkọ mi ò gbé fóònù.

Ọjọ́rú, 5/3
Èmi ni Pupa máa lù. Kó ní, "Dìde, ìwọ ẹran!" kó wá gbá mi ní kùmọ̀. Ẹnu ẹ̀ kọ̀. "Ẹ dìde" ló ń sọ ṣáá. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ariwo fò sókè: "Ta lò ń bọ̀wọ̀ fún? Ṣé o máa ń kí ewúrẹ́ pé ẹ kú àárọ̀ ni?"
"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."
"Lórí òkè, o ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n!"
Nígbà tó yá, ó sọ ọ́. Kùmọ̀ rọ́bà ni o, ṣùgbọ́n igi wà nínú ẹ̀. Ó gbá mi léjìká. Ó gbá mi lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀. Eyín kan ń mì. Ariwo ní ó dáa, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó bẹ̀rẹ̀ — ó ti ń lù mí.

Ọjọ́bọ̀, 6/3
Ọmọ mi ò dá ojú mi mọ̀. Kò gba ọmú.

Ẹtì, 7/3
Pupa gbé oògùn wá. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí iṣẹ́ ni. Ṣé o ti jẹun?"
"O", kì í ṣe "ẹ"! Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́. Mo fún un lómi. Mo ń wo ìpàkọ́ ẹ̀ bó ṣe ń mu ún.

Ajé, 10/3
Ọ̀la ni Ìsàlẹ̀ máa gbẹ̀san. Wọ́n ti pín òkúta fóòmù fún wa, ó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì. Ọkọ mi ní kí n má lọ mọ́. Èmi? Mo máa lọ.

Ìṣẹ́gun, 11/3
Mo ju ti fóòmù nù. Òkúta gidi kún ilẹ̀ níbẹ̀. Ariwo pariwo, gbogbo wa sáré gòkè. Pupa wà níwájú, nínú aṣọ funfun. Mo sún mọ́ ọn dáadáa kí n tó sọ òkúta lù ú. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n fọ́ àgbọn. Ó ṣubú, àwọn yòókù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá, Ariwo ń pàtẹ́wọ́: kò sẹ́ni tó mọ eré ṣe tó ọmọ yẹn!

Ọjọ́rú, 12/3
Ó jí. Wọ́n ti rán iwájú orí ẹ̀. Ojú òsì ò là. Ó di ọwọ́ mi mú.
"Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i pé èmi ni?"
Mo ní rárá, èéfín pọ̀ jù.
Kò sí èéfín kankan níbẹ̀. Òun náà mọ̀. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.