Kí Wọ́n Tó Bi Ẹ̀jẹ̀ Rẹ Léèrè

Ìgbòho,
Ọjọ́ Ajé.

Tabitha ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Bàjùláyé. Olúwa tí ó jí wa kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Àmín. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì sí ibojì bàbá rẹ, ewúrẹ́ Sabina tí ó múlé tì wá sì ti sọ ọ́ di ibùsùn, mo ń lé e, kò gbọ́.

Mùtíù ọkọ rẹ pè mí. Ó ní wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, pé nǹkan kan wà tí jẹjẹrẹ ọmú máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, bí ó bá ti lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oògùn tí o gbà, ẹ̀mí gígùn ń bẹ níwájú, bí ó bá sì pọ̀ sí i, kí á máa gbàdúrà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò sọ èsì, àmọ́ o ti fi àáké kọ́rí pé o kò ní lọ gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni iyán kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Mo bi í pé níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà wà, ó ní inú fíríìjì. Tabitha! Inú òtútù, láàárín àjèjì? Ìwọ tí o kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárọ̀ nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, tí o kì í fẹnu kan ẹ̀kọ, àfi bí mo bá kọ́kọ́ kì ọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ ni yóò sọ̀rọ̀ rere fún ẹni tí kò mọ oríkì rẹ? Ẹlẹ́rìí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà jáde, tí òtútù ń mú, ohun tí ẹ̀rù bá rán an ni yóò sọ. Mo ní kí Mùtíù gbé fóònù sí etí ìgò náà kí n kì í. Ó rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ẹkún ló ń sun. Kò burú náà, fóònù yìí máa ń gé ọ̀rọ̀. Bí ó bá gé oríkì rẹ sí méjì, ẹ̀jẹ̀ yóò rò pé ẹlòmíràn ni à ń kì.

Bàbá rẹ dá nìkan lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́dún èṣí. Nígbà tí ó dé, ó kó àdá àti ọkọ́ rẹ̀ fún aládùúgbò, ó kọjú sí ògiri. N kò mọ ohun tí wọ́n wí fún un títí a fi sin ín. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Awakọ̀ tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí ni mo fi ìwé yìí rán; bí ó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Sabina. N kò mọ bí owó ṣe ń gba inú atẹ́gùn wọ fóònù láìya, ṣùgbọ́n ó máa ń dé. Fi ti ẹran díẹ̀ kún un, n kò lè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, n óò ti dé. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sọ ire, a jọ gbọ́. Bí ó bá sọ ohun mìíràn, kí wọ́n kọjú sí mi, nítorí ara mi ni ó ti kọ́kọ́ ṣàn wá, mo mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, n óò kì ọ́ kí o tó dìde. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n kì ọ́ kí o má dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.