Ayálégbé Mi Kò Gba Ìwé Kúrò-Nílé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Opó ni mí ní Inísà. Ọmọ mi ọkùnrin ń bọ̀ wálé láti Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Mo bẹ ayálégbé mi tó wà nísàlẹ̀ pé kó jẹ́ ká pààrọ̀ yàrá. Ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní ìwé bí òfin ṣe wí."

Lọ́yà bá mi kọ ìwé kúrò-nílé, ṣùgbọ́n ayálégbé náà kọ̀, kò gbà á. Ó ní, "Àdéhùn wo la jọ kọ?"

Lóòótọ́, a ò kọ àdéhùn kankan, torí ọmọ ìjọ wa ni. Lọ́yà ní ó di kóòtù, àfi ká pè é lẹ́jọ́.

Ó ti rẹ̀ mí. Ọkùnrin yìí kan náà ló pọn ọkọ mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí àìsàn gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n pè lẹ́jọ́?