Àwòrán Rẹ Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlaròó

Sẹ̀gilọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Kánádà, kò sí òwúrọ̀ tí èmi àti ìyá rẹ kì í dárúkọ rẹ nínú àdúrà. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Owódé, ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, àgbàdo sì ti ń yọ. Toheebat ìyàwó àbúrò rẹ ni yóò ya lẹ́tà yìí sórí fóònù rẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ láìnì fóònù rẹ tó o ní kí n bá ọ pa ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O ní láti ìgbà tó o ti kúrò ní Èkó ni àwọn oníláìnì ṣì ń yọ owó rẹ ní báǹkì lóṣooṣù, bó o bá sì pè wọ́n, orin ni wọ́n ń kọ sí ọ létí. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí bí èmi bá ti kọjá ẹnubodè Ìdírókò báyìí, fóònù mi fúnra rẹ̀ ló ń yí sí Faransé, mo rò pé tìrẹ náà á ti mọ̀ pé o ti rìn jìnnà.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìlaròó. Afeezat, ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀, ní àwọn kò lè pa á láìjẹ́ pé àwọn rí ojú ẹni tó ni ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo sọ àwòrán ńlá tó o yà lọ́jọ́ tó o gboyè kalẹ̀ lára ògiri, mo nù ún, mo gbé e mọ́ àyà lórí ọ̀kadà, mo kọjú rẹ síta kí ìwọ náà lè máa wo ọ̀nà ilé.

Lójú ọ̀nà, àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà fún mi. Obìnrin kan tó ń ta gààrì ní kí n fara dà á, mo rò pé ọ̀rọ̀ láìnì ló ń sọ, mo ní ó ti sú ọmọ náà fúnra rẹ̀, òun ló ní kí n wá parí ẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Bí mo ti wọlé, Afeezat kúnlẹ̀, ó kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, ó ní ó ti wá rọrùn báyìí, kí n ṣáà mú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ wá. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo fi agbádá bo ojú rẹ, mo ní ọmọ mi kò kú, ibi òtútù ló lọ. Ó bẹ̀ mí, ó ní bó o bá wà láàyè, àfi kó o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọlé wá.

Ọmọ mi, n kò bínú sí wọn mọ́. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìyá rẹ ti ń wá ẹnu tí a ó fi pè ọ́ wálé, a kò rí i, kó o má baà rò pé à ń dí ọ lọ́wọ́. Àwọn oníláìnì ti bá wa sọ ọ́. Owó tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, jọ̀wọ́ fi kún owó ọkọ̀ òfurufú.

Mo ti gbé àwòrán náà padà sára ògiri, ìyá rẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀. Ojú rẹ ni a ó rí, a kò ní rọ́jú wo àwòrán rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ajíbádé.