Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ba Aró Jẹ́

Ìyá mi ní Ìtòkú, ẹ kú ilé o. Àrẹdú o, bí a ti ń kí aláró. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàbá láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n Sìdí àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ara mi le, alihamudulilai.

Òtútù ibí kọjá ti ọyẹ́. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mò ń wọ̀ kí n tó jáde. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ mi móoru. Aṣọ ibùsùn ọsibítù ni à ń fọ̀, tí a sì ń lọ̀. Ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tí aṣọ tó fọ̀ mọ́ tó tèmi. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo tún ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Tíṣà wa ka ìtàn kan fún wa, nípa ọmọ kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kó bá wọn jẹun nínú àwo kan. Ọmọ náà dàgbà, ó di ẹni ńlá, síbẹ̀ tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ńṣe ló ń dúró kí ẹnì kan ní kó máa jẹ. Tíṣà bèèrè ohun tó fà á. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ni mo nawọ́. Mo ní tí àlejò bá ní o kò dáa, o lè pòṣé kó o máa lọ, ṣùgbọ́n ti ọmọ ìyá rẹ, wàá gbà á gbọ́, torí o rò pé ó mọ̀ ọ́. Tíṣà ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ti ń kọ ọ́ ni mo bú sẹ́kún.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ìkòkò aró wa bàjẹ́, tí aṣọ àwọn oníbàárà yín kò mú aró? Ẹ ti lọ ná ọjà Papalanto lọ́jọ́ náà. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mo ti aṣọ bọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Sìdí ní ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ó sọ mí ní Abarójẹ́, kò sì jẹ́ kí n sún mọ́ ìdí ìkòkò mọ́ títí mo fi kúrò nílé. Ẹ̀yin rò pé mo kórìíra iṣẹ́ aró ni. Rárá o. Mo gbà pé ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn á bàjẹ́. Kódà nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀rù bà mí láti gbé ọmọ náà.

Mo kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n, mo sọ ìtàn inú ìwé yẹn fún un. Èsì rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní eérú tí òjò pa, tí kò lágbára mọ́, ni òun fi sẹ́ omi aró lọ́jọ́ náà, òun sì mọ̀. Ẹ̀rù yín ló ba òun tí òun fi tì í sí mi lọ́rùn. Ó bẹ̀ mí gan-an. Mo kọ́kọ́ bínú, mo bú u dáadáa nínú yàrá mi, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, ara mi fúyẹ́.

Ẹ má bá a jà o. Mo fi lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn kí àwọn ẹ̀gbọ́n mìíràn tó ń sọ àbúrò wọn lórúkọ burúkú lè kà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Tí mo bá dé lẹ́yìn Iléyá, kí Ẹ̀gbọ́n fi eérú gbígbẹ po aró tuntun, kí òun fúnra rẹ̀ mú aṣọ funfun lé mi lọ́wọ́. Èmi ni n óò kọ́kọ́ ti aṣọ bọ̀ ọ́. Kí ẹ̀yin náà dúró tì mí, kí ẹ kí mi ní àrẹdú, torí ẹnikẹ́ni kò tíì kí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará agboolé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí a bá ara wa láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ba aró jẹ́ rí,
Múlíkátù.