Orúkọ Mi Nínú Ìwé Haráájì

                                        Agboolé Láwọ̀yín,
                                        Kàbà,
                                        Àríwá Nàìjíríà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1957.

Ọláníran, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Okun o! Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ aṣọ rírán ńkọ́, ara ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ ò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ẹ kú ooru Àbíjàn o. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lánàá. Ara wọn le, wọ́n ti ń ra èlò àwẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n kí ọ títí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé ò ń bá mi bojú tó Mùínàt ìyàwó mi àti ọmọ. Ọlọ́run á bá ọ bojú tó tìrẹ náà.

Ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé tí mo torí ẹ̀ wá sílé yìí ti sú mi. Ṣé o rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ní mo máa lò? Oṣù karùn-ún tí mo dé rèé! O mọ̀ pé ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ mi ò jẹ́ kí n lè gba iṣẹ́ oṣù. Ọ̀gá Faransé tó ni ilé iṣẹ́ ìlagi sì ti ṣe tiẹ̀ tán: ó ti fọwọ́ sí i pé èmi ni òun fẹ́ kó máa pọ́n ayùn fún òun, òun ló sì máa dúró fún mi kí ìjọba ibẹ̀ lè fi ìwé iṣẹ́ rọ́pò ìwé ìgbélùú náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n lọ gbà wá ni ìwé láti ìlú mi, pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, pé n kò sá fún ẹjọ́, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953 ni mo sì ti kúrò nílé, kó lè bá ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn mu. Ìparí oṣù kẹrin ni ìwé ìgbélùú mi máa kú. Bí n kò bá tíì padà nígbà náà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ẹnubodè gan-an ò ní gbà mí wọlé.

Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kìíní, wá lónìí, wá lọ́la ni àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba níbí ń fi mí ṣe. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni òǹtẹ̀ lọ sí Lókójà. Nígbà tó dé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún lọ sìnkú. Mo jókòó sórí àga gbọọrọ ọ́fíìsì yẹn títí ìdí fi ń ro mí! Nígbà tó yá, Philip, akọ̀wé haráájì tó ń gba owó orí, ní kí n mú bàbá mi wá kí wọ́n wá jẹ́rìí mi. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí.

Bàbá wọ agbádá tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ kí Jímọ́ọ̀. Wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè dáadáa. Philip ti ki gègé bọ tàdáwà, ó fẹ́ kọ̀wé, ni Bàbá bá ní ó ku ohun kan. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa rìsíìtì haráájì mẹ́rin yọ, wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọdún 1953 dé 1956. Orúkọ mi ló wà lára gbogbo wọn! Wọ́n ní kí ìjọba wò ó, ọmọ àwọn kò jẹ gbèsè haráájì rí. Ọláníran, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń san nǹkan kan lórúkọ mi. Philip gbé gègé sílẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ tó ń gbé Kàbà ni wọ́n kọ mí sí nínú ìwé wọn, tó ń san haráájì lọ́dọọdún. Báwo lòun ṣe máa fọwọ́ sí i pé ẹni kan náà wà ní Àbíjàn?

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó wá ọ̀nà. Ó ní bí Bàbá bá lè sọ pé n kò sí nílé, òun á fi tàdáwà pupa fa ìlà lé orúkọ mi fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun á sì kọ ìwé mi lọ́jọ́ náà. Bàbá bi í pé àwọn wo ni wọ́n máa ń fa ìlà pupa lé lórí. Ó ní àwọn tó ti kú ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá kó rìsíìtì wọn, wọ́n dìde, wọ́n ní, “Ọmọ mi wà ńlé,” wọ́n sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Ìmáàmù bẹ̀ wọ́n, ìyá mi sunkún, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìlà lásán lórí bébà! Tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé orí rẹ ò ní gbóná? Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, inú bí mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí bàbá rẹ̀. Mo ní orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ràn, wọn ò fẹ́ràn èmi fúnra mi.

Bàbá ò bínú. Wọ́n ní ọdún méjì gbáko ni n kò fi kọ lẹ́tà kankan sílé, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo wà láàyè. “Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún,” ni wọ́n wí, “ni mo máa ń gbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ rẹ láàárín ìlú, nígbà tí wọ́n bá ń pe àwọn tó máa san haráájì. Mo máa ń dìde, mo máa ń ní, ‘Ó wà.’”

Inú ṣì ń bí mi o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Èèyàn mélòó nínú wa ló rí ọ̀gá tó máa dúró fún un? Ayùn wọ̀nyẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè fa bàbá mi lọ síwájú Philip mọ́ pé kí wọ́n lọ sọ pé n kò sí. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá pé kó má dúró dè mí mọ́, kó fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o kí Emmanuel àti gbogbo ará ilé wa tó wà lọ́hùn-ún. Ìwọ náà, kọ̀wé sí ìyá rẹ lónìí, má dúró di ọ̀la. Kí o sì sọ fún Mùínàt kó di ẹrù wa, kó gbé ọmọ wá sílé.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ títí ayé,
                                        Sàláhúdéènì Láwọ̀yín.