Bí Ẹsẹ̀ Ọpẹ́ Ṣe Tọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Okúdù 2025

Mo ti di bàbá. Obìnrin ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde níbí ní Ṣakí. Ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ó lajú, ó wò mí, ó ní kí n lọ jẹun — Fọlákẹ́ nìyẹn.

Igbe ọmọ náà lágbára débi pé nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Balógun. Àárín èmi àti ìwé yìí nìkan lorúkọ yẹn wà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Méjèèjì yí sínú. Àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni fẹ́ fi ẹsẹ̀ pàtẹ́wọ́. Gìgísẹ̀ fà sókè, ó sá pamọ́. Nọ́ọ̀sì yára fi aṣọ wé e. Mo ní kó tú u. Mo wò ó dáadáa.

Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Ogbooro ní eré sísá.

Ọjọ́rú, 4 Okúdù

Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Okúdù

Mo ti sọ. Ìyá mi gbé ọmọ lé itan, ó wo ẹsẹ̀ náà títí. Nígbà tó yá, ó ní òun á máa fi òrí wọ́ ọ, yóò tọ́. Ó ní lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ká wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn fún un, kí wọ́n má baà fi ọmọ ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Lọ́sàn-án, obìnrin kan wá sídìí bẹ́ẹ̀dì wa. Mujeebat lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú egungun àti oríkèé nílé ìwòsàn yìí. Ìbòrí funfun, ọwọ́ kékeré, ohùn ńlá. Kò tíì kí wa tán tó ti di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Ó gba àtàǹpàkò mi, ó gbé e lé egungun kan níta ọrùn ẹsẹ̀ Balógun. Ó yọ díẹ̀ lábẹ́ awọ, bí hóró ẹ̀pà.

Ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ mọ egungun yìí dáadáa. Òun ò kúrò nípò ẹ̀. Àwọn yòókù ló yí kúrò lára ẹ̀. A máa rọra kó wọn padà ni."

Ó ṣàlàyé. Egungun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan ṣoṣo. Ti ọmọ tuntun ò tíì le, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ṣì rọ̀ bí etí èèyàn. Ìdí tó fi yẹ ká tètè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò fọwọ́ darí ẹsẹ̀ náà díẹ̀, yóò wá fi píòpì dì í síbi tó dé — píòpì funfun yẹn tí wọ́n fi ń di ẹni tó bá dá lẹ́sẹ̀.

Fọlákẹ́ bi í bóyá yóò rìn.

"Yóò rìn. Ẹ ó máa sá tẹ̀ lé e káàkiri ọjà. Kó má ṣáà rẹ̀ yín."

Mo gbà á gbọ́. Mi ò mọ ìdí. Bóyá nítorí pé kò ṣàánú wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Okúdù

Ọpẹ́yẹmí la sọ ọ́. Ọpẹ́.

Ilé kún. Màmá mú ìbọ̀sẹ̀ wá, pupa. Mo gbé ọmọ fún pásítọ̀ láìwọ nǹkan kan sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí i. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Mo dìde. Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ mi nìyí. A ó máa gbé e lọ sí Ṣakí fún ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá wò ó báyìí."

Àwọn méjì dìde wá wò ó lóòótọ́. Ọ̀kan ní imú rẹ̀ jọ tèmi.

Fọlákẹ́ di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ. Ó fún un gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Okúdù

Píòpì àkọ́kọ́. Ojú abẹ Fọlákẹ́ ò tíì san, kò lè gun ọ̀kadà. Màmá ní òun ò lè wo ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ku èmi. Mo pọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pọ̀n ọ́n, òjá àti gbogbo ẹ̀, ọmú tí ìyá rẹ̀ fún sínú ìgò nínú báàgì. Ọlọ́kadà ń fi dígí wò mí títí a fi dé Ṣakí.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó jókòó dákẹ́ nígbà tí mo wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín! Ọ̀kan tó ti Ijio wá, Misturat, dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí máa já bọ́ o," ó tún òjá mi so. Wọ́n ṣí àyè fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó láàárín wọn bí ọba.

Áǹtí Mujeebat fi àtàǹpàkò kan ti egungun yẹn, ó fi ọwọ́ kejì yí iwájú ẹsẹ̀ síta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò fà á. Ó dì í mú, ó ń kọrin sí i lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà òwú, lẹ́yìn náà píòpì, láti ìka ẹsẹ̀ dé itan, eékún kákò. Balógun sun.

Ọjọ́rú, 18 Okúdù

Ọmọ sunkún. Ìyá rẹ̀ sunkún. Èmi, mo fọ gbogbo ìkòkò tó wà nínú ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Okúdù

Ìkejì. Kí wọ́n tó di píòpì tuntun, mo rí ẹsẹ̀ náà. Ó ti yí! Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú mi kì í tàn mí jẹ tó bá di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Níléèwé, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ọpẹ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Mò ń dáhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Okúdù

Òjò ńlá láti òwúrọ̀. Fọlákẹ́ ké sí mi. Píòpì ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yọ̀ wá sísàlẹ̀, ọmọ ìka ti wọ inú rẹ̀ lọ, ṣóńṣó orí wọn nìkan la rí. Wọ́n ti dúdú. Mo pe Áǹtí Mujeebat lórí fóònù. Ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ kí n sì fi sílẹ̀, kí n wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń padà. Kò padà.

"Bàbá Ọpẹ́, ẹ má gbé e jáde. Ẹ wá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa tú u."

Èmi!

Màmá gbé ọmọ mọ́ àyà, Fọlákẹ́ di fóònù mú, mo ti ẹsẹ̀ náà bọ inú abọ́. Ohùn Mujeebat ń jáde láàárín ariwo òjò lórí páànù — ẹ rọra, ẹ wá ibi tó parí sí, ẹ máa ká a. Ó ń rọ̀, mò ń ká a. Ó pẹ́ lójú mi. Ó jábọ́ sínú omi. A ń wo ìka. Kò sẹ́ni tó mí. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, láti àtàǹpàkò dé èyí tó kéré jù, Balógun wá lọgun.

Ìgbà yẹn ni Màmá rí ẹsẹ̀ náà ní ìhòòhò, látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dì í. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Dàmọ́lá, ó ti ń wojú èèyàn."

Kò dárúkọ òrí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Wọ́n tún un dì. Mujeebat sọ fún gbogbo bẹ́ǹṣì pé èmi ni mo tú píòpì fúnra mi. Àwọn ìyá ọlọ́mọ pàtẹ́wọ́. Mo ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Agẹmọ

Iwájú ẹsẹ̀ ti tọ́, méjèèjì. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ kọ̀, kò wálẹ̀. Dókítà Akíntọ́lá, oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, fi hàn mí: iṣan tó wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ kúrú, ó ń fa gìgísẹ̀ sókè. Wọn ó gé e, ihò bíńtín, yóò tún ara rẹ̀ so, á sì gùn sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé, wàhálà. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kan ọmọ ọmọ òun, pé ẹni tí wọ́n bá gé níṣan ò lè dìde mọ́. Mò ń ṣàlàyé, òun náà ń sọ̀rọ̀. Fọlákẹ́ ti ń gbọ́ wa látẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

"Màmá, wọ́n gé èmi náà. Èmi nìyí."

Màmá wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á tẹ̀ lé wa.

Mi ò tíì fẹ́ràn ìyàwó mi tó báyìí rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Agẹmọ

Gbogbo wa la lọ. Dókítà ní kí n di eékún rẹ̀ mú. Abẹ́rẹ́ tó pa ibẹ̀ kú, lẹ́yìn náà abẹ tín-ín-rín — mo gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ mi, nǹkan kan já, ẹsẹ̀ sì gbéra sókè wá sọ́dọ̀ mi bí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà tó ti parí. Ẹsẹ̀ kejì náà. Ó ti tán.

Níta, Màmá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fà á dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Ògún

Píòpì tó kẹ́yìn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi í lu bẹ́ẹ̀dì. Ìró rẹ̀ ń dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ògún

Wọ́n tú u lónìí.

Ẹsẹ̀ méjì. Gígùn, pẹlẹbẹ, gìgísẹ̀ rogodo méjì. Awọ ń bó, ó rí wúruwùru, kò sóhun tó lẹ́wà tó o láyé. Mujeebat wẹ̀ wọ́n, ó gbé ọmọ fún mi, ó lọ jókòó, ó yọ awò rẹ̀, ó nu ojú. Ó ní òórùn píòpì ni.

Iṣẹ́ ṣì kù. Bàtà méjì tí irin so pọ̀ — tọ̀sán-tòru fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà nígbà oorun nìkan, títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Tí a bá dẹwọ́, ẹsẹ̀ lè padà. A ò ní dẹwọ́.

Obìnrin tuntun kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ọjọ́ mélòó kan lọ́wọ́, ẹsẹ̀ yí. Mujeebat fà mí sẹ́yìn. Ó ní ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu géètì, ó kọ̀, kò wọlé, ó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, pé kò sírú ẹ̀ nínú ìdílé àwọn. Ó bẹ̀ mí kí n bá a sọ̀rọ̀.

Mo jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, amọ̀ oko lára bàtà rẹ̀, ó ń wo títì. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo kàn na Balógun sí i. Mo ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ yìí." Ó wò ó, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní bí tọmọ yín ṣe rí gẹ́lẹ́ lòun náà ṣe rí nígbà tí wọ́n bí i. Ó wò mí, ó rò pé irọ́ ni mò ń pa. Mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé ọrùn ẹsẹ̀ náà. Balógun ta á nípàá — gìgísẹ̀, pẹlẹbẹ, sí àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ò yọwọ́. Ó ní, "Ọmọ ta ni?"

Mo ní, "Tèmi ni."

Ó bọ́ fìlà, ó kọjá lára mi, ó wọlé.