Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Kún Yẹn Kì í Ṣe Ara Líle

Ẹ kú ilé o, Ìyá Àgbà mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìfaradà orúnkún. Mo kí Màámi, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìmùṣin. Táyọ̀ àbúrò mi, ìwọ tó ń ka ìwé yìí fún wọn, gbé àga síta kí o kà á sókè níwájú ilé, níbi tí gbogbo yín ti ń pè mí ní dókítà. Má fo ìlà kankan. Má sì rẹ́rìn-ín.

Èmi kì í ṣe dókítà. Àgò eku ni mò ń fọ̀ ní ilé ẹranko yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Eku ibẹ̀ pọ̀ ju èrò ọjà Òkè-Ajé lọ, ìgbẹ́ wọn nìkan á kún típà méjì. Àwọn náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mo ti fi ọ̀kan jẹ Kábíyèsí.

Ọ̀gá wa obìnrin ń fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń pè ní sitẹ́rọ́ìdì, egungun wọn á sì di bí igi tí ikán ti jẹ. Ó wá ń fún àwọn kan nínú wọn ní abẹ́rẹ́ họ́mónù, kó lè mọ̀ bóyá egungun náà á tún le. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé Kábíyèsí bí mo ṣe máa ń gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kì í ṣe ẹjọ́ mi, oògùn ló jẹ egungun rẹ̀. Ó nawọ́ sí ike oògùn náà. Mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà, òun ni oògùn orúnkún tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín. Mo ní ọ̀gá wa ló kọ ọ́ fún yín. Irọ́ ni. Ọwọ́ oníkẹ́mísì ni mo ti rà á, torí mo fẹ́ kí ẹ máa yìn mí. Nígbà tí Táyọ̀ fi fọ́tò yín ránṣẹ́, tí Màámi ní ìtọ́jú mi ló mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kún, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. Mo fi fọ́tò náà han ọ̀gá. Ó bi mí pé oṣù mélòó lẹ ti ń lò ó. Mo ní mẹ́fà. Ó ní oògùn ló mú ojú yín wú.

Gàárì tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, mi ò lè jẹ ẹ́. Bí mo bá ti bu omi sí i, ó ń wò mí.

Ọ̀gá ní kí ẹ má ṣàdédé dá oògùn náà dúró, ìyẹn náà léwu. Kí Màámi mú yín lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, pẹ̀lú páálí oògùn, kí dókítà gidi sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù. Ẹ má pọn omi mọ́. Táyọ̀, ẹ̀yìnkùlé ń yọ̀. Da yangí sí i kí o tó sùn.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹlẹ́yà, kó ti jẹun sílẹ̀ dè mí. Kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí n bá yín lórí ìdúró, Ìyá Àgbà. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ọmọ yín tó ń fọ àgò eku,
Dúpẹ́.